Bí Ó Ti Yẹ Kí A Ran Ọmọ tí Ó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa, ní Mowe

 

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gbòòrò, a kò lè sọ ọ́ tán ní ìjókòó kan. Nítorí náà, a mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, èyí tí àwọn òbí máa ń bi wá jù lọ bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé: “Tíṣà, ọmọ mi ní iṣẹ́ dókítà ni òun fẹ́ kọ́. Kí ni kí n ṣe fún un?” Ìbéèrè yìí dára. Ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ ní gbangba, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó mọ tíṣà nìkan ni yóò gbọ́ ìdáhùn.

Gbogbo wa ni a ti rí ọmọ tí ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Orí ọmọ ni ẹrù wà. Kò sí ẹni tí ó lè yá a ní ọrùn. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó ká òṣùká fún un, àgbà ni ó bá a gbé ẹrù rù, àgbà ni ó ń tẹ̀lé e tí ó ń wí pé, “Rọra, òkúta ń bẹ níwájú.” Bí àgbà bá já ẹrù gbà lọ́jọ́ gbogbo, ọrùn ọmọ náà kò ní le láé. Bí ó bá sì di ẹrù tí ó ju agbára ọmọ lọ rù ú, ọmọ yóò ṣubú. Báyìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó fẹ́ wọ ilé ìwé ìṣègùn ti rí. Ọmọ ni yóò ka ìwé, ọmọ ni yóò ṣe ìdánwò. Tiwa ni òṣùká, tiwa ni kí a bá a gbé e, tiwa sì ni ìkìlọ̀ ojú ọ̀nà.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní Abẹ́òkúta, ní ohun tí ó lé ní 160 ọdún sẹ́yìn, dókítà kan tí ìjọ C.M.S. rán wá, A. A. Harrison, kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ jọ, ó sì ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìṣègùn. Nathaniel King wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró. Lẹ́yìn náà, ìjọ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Sàró, láti ibẹ̀ ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Ó gba oyè dókítà, ó padà sí Èkó, ó sì ń tọ́jú àwọn ènìyàn níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1884. Ẹnìkan kọ́ ọ, ìjọ rán an, àwọn ará sì dúró tì í; ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ ni ó kàwé.

Kí a má sì rò pé ti ọkùnrin nìkan ni. Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1910, kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin, ó sì gba oyè ní ọdún 1938. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, bàbá tí ó bá ń sọ lónìí pé iṣẹ́ yìí ti gùn jù fún ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ ju 80 ọdún lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí a rántí Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys’ High School kí ó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Ní ọdún 1954 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Aro. Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n: ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó. Ó ní iṣẹ́ tí ojú ẹbí ń ṣe fún ènìyàn. Nígbà tí ó yá, ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Bí ẹbí bá wúlò tó báyìí fún aláìsàn, yóò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Wàyí o, kí ni òṣùká yìí? Ọ̀nà bíi mélòó kan ni a ó gbà ṣàlàyé rẹ̀.

Èkíní: kí òbí bi ọmọ léèrè, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ta ni ó fẹ́ iṣẹ́ yìí, ọmọ ni tàbí òbí? A mọ̀ pé orúkọ náà dùn ún pè níbi ayẹyẹ: “Ìyá Dókítà.” Ṣùgbọ́n ìyá kọ́ ni yóò jí lóru lọ wo aláìsàn. Kí a sọ òtítọ́ iṣẹ́ náà fún ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró ti òkú ènìyàn tí ó ń là á wò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó wọ yàrá àwọn aláìsàn. Bí ó bá gboyè tán, yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà dókítà ní ilé ìwòsàn, kí ó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Ọmọ tí ó bá wọlé ní ẹni ọdún 17 yóò ti di ẹni ọdún 25 kí ó tó parí gbogbo rẹ̀, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. A sì mọ̀ pé kì í fi ìgbà gbogbo lọ déédéé: ní ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba nǹkan bí oṣù 9, ní ọdún 2022, ó gba oṣù 8.

Bí ọmọ bá gbọ́ gbogbo èyí tán, tí ojú rẹ̀ ṣì ń tàn, ó dára. Kí a wá mú un lọ sí ibi tí yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà. Bí ìbátan kan bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn, kí ọmọ lọ bá a ní ìsinmi, kí ó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jẹ́ níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti apòògùn, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tàbí ti ìtọ́jú eegun àti iṣan ni ó wu òun. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀gàn nínú wọn. Ilé ìwòsàn tí ó bá ní dókítà, tí kò ní nọ́ọ̀sì, kò ní lè ṣiṣẹ́.

Èkejì: kí òbí mọ ọ̀nà. Igi gànǹgàn-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kì í ṣe ní ọdún ìdánwò ni a ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń wọ kíláàsì kìíní ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni ó gbọ́dọ̀ ti mú Biology, Chemistry àti Physics, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, krẹ́díìtì nínú àwọn 5 wọ̀nyí ni ilé ìwé ìṣègùn ń béèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ kí ó jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń ronú láti kó ìjókòó méjì pọ̀ ní láti kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé ìwé tí ó fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ẹ̀kọ́ 4 ni ọmọ yóò ṣe: Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics, máàkì gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400. Ìbéèrè 180 ni yóò dáhùn ní wákàtí 2. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọmọ tí ó mọ ìwé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, yóò pàdánù máàkì tí ó jẹ́ tirẹ̀. Kí a wá ibi tí yóò ti máa fi ìdánwò àtijọ́ dánra wò, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀.

Yíyan ilé ìwé náà ní ọgbọ́n. Lẹ́bàá wa níhìn-ín, Yunifásítì Olabisi Onabanjo ń kọ́ àwọn dókítà ní Ṣágámù. Yunifásítì Babcock ń kọ́ wọn ní Ìlíṣàn. Yunifásítì Èkó ń kọ́ wọn ní Ìdí-Àràbà. Ìbàdàn ni ó ṣáájú gbogbo wọn: ọdún 1948 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú òyìnbó, títí a fi ṣí ilé ìwòsàn UCH ní ọdún 1957. Ó yẹ kí òbí mọ̀ pé àwọn yunifásítì ńlá kan kì í wo ọmọ tí kò fi wọ́n ṣe àkọ́yàn. Ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé máàkì tí a fi ń wọ ẹ̀kọ́ mìíràn kì í tó wọ ìṣègùn, nítorí pé àjọ MDCN tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà ti fi iye ọmọ tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà lélẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ san owó ńlá fún ilé ìwé aládàáni, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá MDCN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Bí orúkọ ọmọ bá jẹ́ Adébáyọ̀ nínú ìwé ìbí, tí ó di Báyọ̀ nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, tí WAEC sì ní òmíràn, wàhálà dé. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu nínú ìwé gbogbo, kí a sì tún un ṣe kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ tó dé. Kí a má sì gé ọjọ́ orí tàbí kí a fi kún un. Ìjọba ti fi ọdún 16 ṣe òpin ìsàlẹ̀. Ọmọ tí yóò bá nílò ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kí bàbá rẹ̀ tètè lọ sí Owódé, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá ku ọ̀la.

Ẹ̀kẹta: ilé. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, ti ṣe fún Mowe àti Ibafo. Ó mú ìlú wa tóbi. Ó sì mú kí ọ̀pọ̀ òbí máa jáde kí àkùkọ tó kọ, kí wọ́n máa dé nígbà tí ọmọ ti sùn. Bàbá ń gbé Mowe, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni ó ń lo ìgbà ayé rẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí àkókò kan wà ní ọ̀sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan, tí òbí yóò fi jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó sọ pé, “Wá, ṣàlàyé ohun tí o kọ́ lónìí fún mi, kí ó yé mi bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.” Bí ọmọ bá lè sọ fún ìyá rẹ̀, ní èdè Yorùbá, bí ọkàn ti ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde tí ẹ̀jẹ̀ sì ń padà, a jẹ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń kólòlò, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun padà sí nínú ìwé. Ìyá kò ná kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣe iṣẹ́ tíṣà.

Kí ọmọ ní tábìlì àti àga, kí ó ní àtùpà tí kò gbára lé iná ìjọba. Iná oòrùn kékeré ti tó. Ní ọdún ìdánwò, kí a dín ìkiri ọjà kù, kí a sì pín iṣẹ́ ilé dọ́gba. A ti rí ilé tí ọmọbìnrin ti ń fọ abọ́, tí ó ń gbọ́ ọbẹ̀, tí ó sì ń gbé àbúrò pọ̀n, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé. Bí èsì bá dé, a ó ní ọkùnrin ni orí rẹ̀ pé. Fóònù pẹ̀lú jẹ́ ìwé, ó sì jẹ́ olè. Kí òbí àti ọmọ jọ fẹnu kò sí wákàtí tí yóò wà lọ́wọ́ ọmọ àti wákàtí tí yóò wà nínú àpótí. Bí ọjọ́ ìdánwò bá sì dé, kí a má fi ọmọ sílẹ̀ fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà wa. Kí ó ti mọ ibẹ̀ ṣáájú. Bí ó bá jìnnà, kí ó lọ sùn sí tòsí.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn òbí kan ń wá ibi tí wọ́n ń pè ní “miracle centre,” níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn fún ọmọ. Àwọn mìíràn ń san owó fún ẹni tí yóò bá ọmọ wọn ṣe ìdánwò, tàbí fún ẹni tí ó ní òun lè ra àyè ní yunifásítì. Èyí kì í ṣe òṣùká. Jíjá ẹrù gbà lórí ọmọ ni, àti fífi èké rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ẹni tí a kọ ìdáhùn Biology fún lónìí, ta ni yóò kọ ọ́ fún un ní ọjọ́ tí ó bá dúró ti aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní òru? Aláboyún náà lè jẹ́ ọmọ wa. Ó lè jẹ́ ìyàwó ọmọ wa.

Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ mọ̀. Bí òbí bá ra máàkì fún ọmọ, ohun tí ó ń sọ fún un ni pé, “Èmi kò gbà pé o lè ṣe é.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta àyè sì jẹ́ gbájú-ẹ̀: wọn yóò gba owó, wọn yóò pa fóònù. Orí ètò JAMB fúnra rẹ̀ ni àyè ti ń jáde, níbẹ̀ ni ọmọ sì ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Owó tí ẹ bá fẹ́ fún gbájú-ẹ̀, ẹ fi ra ìwé, ẹ fi san owó ẹ̀kọ́ àfikún.

Ẹ̀karùn-ún: bí ọmọ kò bá wọlé ní ìgbà kìíní ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kì í wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń lépa àyè tí kò tó nǹkan. Ọmọ tí ó gbọ́n pàápàá lè wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ìgbà yìí ni a nílò òṣùká jù lọ. Ní ọdún 2025, àjọ JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì àwọn ọmọ 379,997 jẹ́, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò, a sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ẹ rò ó wò: mélòó nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ti pè ní ọ̀lẹ, tí a ti fi ọmọ aládùúgbò bú, kí òtítọ́ tó jáde? Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni. Bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Àwọn ilé kan sì wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti sunkún ọmọ nítorí èsì ìdánwò. Kò sí máàkì tí ó tó ẹ̀mí ọmọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ọmọ máa wo iwájú, kí àwa àgbà wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó fa á. Ìwé ni kò kà tó? Àkókò ni kò tó o? Ilé ìwé tí ó yàn ni kò bá máàkì rẹ̀ mu? Lẹ́yìn náà kí a jọ yan ọ̀nà. Ó lè tún JAMB ṣe ní ọdún kejì. Ó lè gba ọ̀nà JUPEB tàbí IJMB, kí ó fi ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì fi èsì rẹ̀ béèrè àyè ní kíláàsì kejì ní ilé ìwé tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó sì lè gba ẹ̀kọ́ mìíràn nínú iṣẹ́ ìlera, bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í ṣe kí a fi tipátipá tì í wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a fi iye ìgbà sí i. Ọmọ tí ó ti jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin, tí kò kọ́ iṣẹ́ kankan, nítorí pé bàbá ní dókítà tàbí òfo, bàbá ni ó di ẹrù tí ó pọ̀ jù rù ú.

Ẹ̀kẹfà: owó. Ọdún 6 kì í ṣe ọjọ́ 6. Kí òbí má fi gbogbo ohun tí ó ní ṣe ayẹyẹ ìgbà tí ọmọ wọlé, kí ó wá máa yáwó ìwé ní ọdún kejì. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin ní ọdún 2024 tí ó dá àjọ NELFUND sílẹ̀, tí ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìgba èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì tún ń fún ọmọ ní owó ìtọ́jú díẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti parí àgùnbánirọ̀ tí ó sì ti rí iṣẹ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Kí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a má tijú láti béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun. Àwọn ọmọ yín náà ń wá àyè, ọ̀nà tiwọn sì yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ìwé ìbéèrè fún ìṣègùn ń parí, ilé ìwé ìṣègùn 4 péré ni ọmọ sì lè béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọdún kan. Ó ní láti ṣe ìdánwò UCAT kí àkókò yẹn tó dé, lẹ́yìn náà wọn yóò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ yóò kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́, tí ó máa ń gba ọdún 4, yóò ṣe ìdánwò MCAT, kí ó tó béèrè àyè ní ilé ìwé ìṣègùn, tí í ṣe ọdún 4 mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ Houston wé ọmọ Mowe, kí ó sì máa béèrè pé, “Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, èé ṣe tí tèmi kò tíì di dókítà?” Ọ̀nà oko kì í ṣe ọ̀kan.

Ohun tí a sì ń bẹ̀ yín sí ni èyí: àwọn kan nínú yín jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ fún wa ní wákàtí kan ní oṣù. Ẹ bá ọmọ kan ní Mowe sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ tí kò tíì rí dókítà tí ó ti ìlú rẹ̀ jáde rí yóò rò pé ìran mìíràn ni wọ́n.

Nígbẹ̀yìn, kí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa? Àwọn Ìbíbíò ti fi hàn wá nígbà kan. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ wọn dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ 6 lọ kàwé ní òkè òkun. Udo Udoma tí ó di adájọ́ àgbà ní ilẹ̀ Uganda, tí ó sì tún di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà, wà nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n lówó jù. Wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

A kò ní kí ẹgbẹ́ wa rán ọmọ 6 lọ sí òkè òkun lọ́dún yìí. Ohun mẹ́ta ni a mú wá síwájú ìpàdé. Àkọ́kọ́, kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà, tí yóò ní iná oòrùn, àga, ìwé ìdánwò àtijọ́ àti kọ̀ǹpútà díẹ̀, tí yóò sì wà ní ṣíṣí di alẹ́, kí àgbà kan sì máa mójú tó o. Èkejì, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tí ń ṣe iṣẹ́ ìlera, nílé àti lẹ́yìn odi, kí a mọ ẹni tí ọmọ lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a dá àpò owó kékeré kan sílẹ̀ láti san owó ìdánwò fún ọmọ tí ó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí òbí rẹ̀ kò ní. Kí àwọn olùkọ́ fi èsì kíláàsì yan ọmọ náà, kì í ṣe ojú rere. Kí a sì tẹ ìṣirò owó náà jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ yìí lọ́dọọdún, kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé pọ̀ ní Mowe báyìí, ojoojúmọ́ ni a sì ń kọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ pẹ̀lú. Kí a má ṣe ru ẹrù wọn fún wọn, kí a má sì jókòó máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń tiraka láti dá a gbé. Kí a ká òṣùká, kí a bá wọn gbé e, kí a sì máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn títí ilé yóò fi dé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí a ń tọ́jú lónìí dàgbà, kí wọ́n sì tọ́jú wa lọ́la. Kí ọdún tí ń bọ̀ bá gbogbo wa láyọ̀, nílé àti lájò. Àmín.

Ire o.